Sáà Tí A Jó Láìsí Orin

Ọjọ́ 21, Oṣù Kẹrin

Yue pè láti Shenzhen láàárọ̀ yìí. Kò tíì kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Màmá, mi ò ní tún un sọ mọ́ o. Tí Oṣù Kẹfà bá parí tí Bàbá ò tíì lè fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè yẹn, mò ń bọ̀ wá kó ẹ̀yin méjèèjì. Ilé tiwa níbí ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè." Mo ní mo ti gbọ́. Ọmọ mi ni, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló jọ. Tó bá ti sọ̀rọ̀ báyìí, ó ti kan ìṣó mọ́ ọn.

Shenzhen! Ta ni mo mọ̀ ní Shenzhen? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi hun aṣọ ní ilé-iṣẹ́ òwú nílùú yìí, ọdún kẹfà sì rèé tí mo ti ń kó àwọn obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jó ní àgbàlá abẹ́ ilé wa, aago méje ìrọ̀lẹ́, àfi tí òjò bá rọ̀. Tí wọ́n bá mú mi kúrò níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ mi ṣe?

Lao Nie ọkọ mi jókòó sí bákónì láti àárọ̀. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú ṣáájú ọdún tuntun, kò tíì fojú kan ilẹ̀. Dókítà ní kó máa sọ̀ kalẹ̀, pé ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn á le tí kò bá lò ó. Àtẹ̀gùn méjìdínláàádọ́ta péré ni. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dá a dúró, ojú ló ń tì í. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní èbúté ló ń ta káàdì lẹ́nu ọ̀nà ilé wa lójoojúmọ́. Ó ní èébú ni, kí òun tí òun ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo sọ fún kíréènì pé gbé e, sọ̀ ọ́, dúró, wá máa wọ́ ẹsẹ̀ kọjá níwájú wọn.

Pipa, èso wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ọsàn yẹn, ti dé ọjà, yúànì mẹ́jọ. Ó ṣì kan.


Ọjọ́ 23

Òjò. Kò sí ijó. Inú Lao Nie dùn bí ọmọdé tí wọ́n fún ní ìsinmi. "Lónìí etí mi á ráyè mí." Mo ní kó máa gbádùn ẹ̀.


Ọjọ́ 30

Mo kọ́ wọn ní ijó tuntun, èyí tí a ó máa yí lẹ́ẹ̀mejì ká tó pàtẹ́wọ́. Dou yí lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ko Màmá Xiong lójú.

Màmá Xiong ní, "Ìwọ Dou yìí, ṣé ijó lò ń jó àbí ata lo fẹ́ lọ̀?"

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀, inú mi ló dùn, ẹsẹ̀ mi ò sì mọ ibi tó fẹ́ dúró sí."

A rẹ́rìn-ín títí ìlà kejì fi dàrú. Ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ọkọ Dou kú, kì í jẹun, kì í dáhùn ìkíni. Èmi ni mo lọ fà á lọ́wọ́ jáde nílé. Ọ̀sẹ̀ kìíní ó kàn dúró láàárín wa bí òpó. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí i tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì nínú bàtà. Mo mọ̀ pé ó ti bọ́ nìyẹn. Màmá Xiong náà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ní kò sí oògùn oorun tó dà bíi kéèyàn jó kó làágùn, kó fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀, kó sùn.

Bí mo ṣe ń gòkè ni mo gbọ́ ohùn ẹni tèmi láti bákónì: "Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi bá kan àgbàlá yẹn, ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe ni pé màá já wáyà sípíkà yín." Ọdún mẹ́fà ló ti ń fi wáyà yẹn halẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá a jà sí i. Báyìí mo ní, "Wá já a. Màá gbé tíì dúró dè ọ́."


Ọjọ́ 6, Oṣù Karùn-ún

Mo fà á lọ́wọ́, ó gbà. A sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta. Ẹnì kan wúkọ́ nísàlẹ̀, ó dà bí ohùn Lao Geng, olórí àwọn atakáàdì. Ló bá yí padà.

"Kí ló dé?"

"Mi ò gbádùn."

"Ikọ́ Lao Geng ló ń pa ọ́ tàbí ẹsẹ̀?"

"Meizhen, fi mí lọ́rùn sílẹ̀!"

Èmi náà sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní kó máa di ẹrù rẹ̀ fún Shenzhen nígbà náà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jó pẹ̀lú ìbínú, mo ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ. Nígbà tí orin kẹta parí, mo wá ìbínú náà nínú ara mi, mi ò rí i mọ́. Mo ra búrẹ́dì onígbóná méjì bọ̀. Ó jẹ tirẹ̀, ó sì bù díẹ̀ nínú tèmi.


Ọjọ́ 14

Shu Hong tó ń gbé ní òkè kẹta, lábẹ́ wa gan-an, kan ilẹ̀kùn. Inú ìlà kejì ló máa ń dúró nínú ẹgbẹ́ wa. Ó mú ìwé ìgbìmọ̀ àdúgbò dání, ojú ń tì í. Ìwé náà ní kí gbogbo ẹgbẹ́ oníjó pa sípíkà títí ìdánwò àtiwọ yunifásítì yóò fi parí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀. Wanqing ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n Kuang," orúkọ ìdílé bàbá mi ló máa ń fi pè mí, "ẹ má bínú. Lọ́dún tó kọjá ọ̀sẹ̀ kan péré ni, mo mọ̀..."

"Bínú kẹ̀? Ọmọ ẹnì kan fẹ́ jókòó ṣe ìdánwò, kí n máa fi ìlù lù ú lórí? Mo ti pa á. Kí ló ń jẹ lálẹ́?"

"Kì í jẹun dáadáa."

Mo kó ẹyin mẹ́rin fún un. Kò sẹ́ni tí í bá ìdánwò jà nílùú yìí. Àwọn ìyá tó wà láàárín wa ti la tiwọn kọjá. Ṣùgbọ́n Lao Nie! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Orí mi mà sunwọ̀n o!"


Ọjọ́ 16

Ọgbọ́n Dou ni. Ó ní kí olúkúlùkù ki nǹkan bọ etí, ká máa gbọ́ orin kan náà láti inú fóònù wa. A ka ení, èjì, ẹ̀ta, a sì jọ tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọlọ́run ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ti Shu Hong kọ́kọ́ polówó oògùn eékún fún un. Ti Dou jẹ́ èyí tí wọ́n kọ kíákíá. Màmá Xiong kò gbọ́ nǹkan kan rárá, ṣùgbọ́n ó ń jó tirẹ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo yí sọ́tùn-ún, ìlà kejì yí sósì, ìlà kẹta ń pàtẹ́wọ́ lórí ohun tí a ti jó kọjá. Dou àti Shu Hong forí gbára, a sì gbọ́ ọ, kò!

Mo gbójú sókè. Lao Nie di irin bákónì mú, ó ń rẹ́rìn-ín tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rí ẹ̀rín yẹn lójú rẹ̀ látìgbà tó ti ń ṣàìsàn. Mo ṣe bí ẹni tí inú bí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí a tún forí gbára lọ́la, màá gbà.


Ọjọ́ 17

Lónìí a jó láìsí ohunkóhun. Mò ń fi ètè ka ení dé ẹ̀jọ. Ìlà kìíní ń rí mi, ìlà kẹta ò rí nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ wọ́ bí ọkọ̀ tí epo ti tán nínú rẹ̀. Mo ti ń rò ó pé kí n ní ká máa lọ sílé títí ìdánwò yóò fi parí. Ìgbà náà ni Dou ní, "Ẹ̀gbọ́n Kuang, ẹ wo òkè."

Lao Nie ti dìde. Ó fara ti irin, ó na apá òsì sókè tààrà, ó sọ̀ ọ́, ó gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì. Kò yára, kò falẹ̀. Bó ti ń ṣe sí kíréènì gan-an nìyẹn. Ìlà kẹta gbójú sókè, wọ́n sì bá a lọ. Gbogbo wa bá a lọ. Ijó mẹ́ta gbáko! Ohun tí a ń gbọ́ kò ju ìró bàtà wa lórí sìmẹ́ńtì, sháà, sháà.

Nígbà tí mo gòkè ó ti jókòó, ó ń wo ibòmíràn.

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹrù ń já bọ́ lójú mi, kí n máa wò ó? Ìlà kẹta yín ò dáa rárá."

Ó ní òun mọ gbogbo àwọn ijó náà, pé ọdún mẹ́fà kọ́ la fi ń dún mọ́ òun létí? Ó jẹ abọ́ ìrẹsì méjì.


Ọjọ́ 19

Ó ní kí n yọ àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àsíá rẹ̀ méjèèjì tó fi ń darí kíréènì ní èbúté wà níbẹ̀, pupa àti àwọ̀ ewé, kòkòrò ti gé etí wọn jẹ díẹ̀. Mo fọ̀ wọ́n, mo lọ̀ wọ́n. Pupa wà lọ́wọ́ òsì. Ti àwọ̀ ewé wà lórí itan rẹ̀, nítorí apá ọ̀tún kò tíì lè gbé nǹkan.


Ọjọ́ 22

Àṣìṣe ńlá. Lao Nie na ìkúùkù síwájú. Ní èbúté, ó túmọ̀ sí pé kí ẹrù dúró lójú kan. Bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ kí a dúró díẹ̀ nítorí Màmá Xiong ń mí helehele. Àwa ò mọ̀. Ibi tí àtẹ́wọ́ wà nínú ijó la dé, gbogbo wa mẹ́rìndínlógún sì pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú agbára, pàà! Ó dún jákèjádò àgbàlá. Ajá kan bẹ̀rẹ̀ sí gbó. Fèrèsé òkè kẹta ṣí, Wanqing yọ orí jáde pẹ̀lú bírò lẹ́nu. Gbogbo wa dúró bí olè tí wọ́n ká mọ́.

Ọmọ náà wò wá títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó tún ti fèrèsé rẹ̀.

Láti òní lọ, ìkúùkù túmọ̀ sí pé ká dúró. Tí àtẹ́wọ́ bá kàn, a ó kàn fi ọwọ́ kan ọwọ́.


Ọjọ́ 24

Òjò. Lao Nie ń bú òjò!


Ọjọ́ 27

Àsíá àwọ̀ ewé dìde. Kò ga ju àyà rẹ̀ lọ, ó sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dìde, ó sì bá pupa sọ̀ kalẹ̀ lásìkò kan náà. Mo rí i, Dou náà rí i. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá yìn ín, yóò jù ú sílẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni nọ́ọ̀sì fi bẹ apá yẹn. Ìlà kẹta tí kò mọ ijó jó ló wá rí i gbà.

Edé odò ti wọ́n díẹ̀ sí i, mo rà á síbẹ̀. Mo dín in pẹ̀lú ata pupa. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bó ẹyọ kan. Ó pẹ́ lórí ẹ̀, mo sì ń wo orí ààrò títí ó fi bó o tán.


Ọjọ́ 1, Oṣù Kẹfà

Nígbà tí mo ti ọjà dé, ẹfun ti kun èjìká ẹ̀wù Lao Nie.

"Níbo lo ti lọ fara nu ògiri?"

"Bákónì."

Mo fọ̀ ọ́. Ooru mú gan-an.


Ọjọ́ 3

Àwọn atakáàdì yìí, mi ò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Bí mo ṣe gbé ẹ̀fọ́ dé lónìí, gbogbo wọn dákẹ́. Lao Geng ní, "Aya Nie, ọkọ yín ńkọ́?" Àwọn yòókù sì ń fi káàdì bo ẹnu.

Mo ní, "Ó wà lókè níbi tí àwọn èèyàn gidi ń gbé. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ò ní ilé ni?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọn kì í ṣe ọmọlúàbí. Abájọ tí ọkọ mi ò fi fẹ́ kọjá níwájú wọn.

Ẹfun tún wà lára ẹ̀wù.


Ọjọ́ 5

Yue pè. Ó ní ṣé Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀? Mo ní rárá. Mo ní apá rẹ̀ ti ń dìde. Ó ní, "Màmá, apá kọ́ la fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn." Ó ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin.

Òótọ́ ló sọ. Mo wọ kíṣìnì, mo ṣí omi kí ó máa dún, mo sì sunkún. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ẹsẹ̀ Dou ṣe ń dún, mo mọ ti Màmá Xiong. Tí mo bá di ojú mi, mo lè sọ ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ta ni màá mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún?

Mo tún lọ jó. Ara mi fúyẹ́ díẹ̀.


Ọjọ́ 7

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Shu Hong wọ aṣọ pupa láti òkè dé ilẹ̀ fún oríire, ó mú ọmọ lọ. Ọkọ̀ kankan kò fọn fèrè ní gbogbo òpópónà. Òjò rọ̀, síbẹ̀ a jó lábẹ́ agboòrùn.


Ọjọ́ 9

Ó parí! Wanqing gbé bàrà tútù wá fún wa. Ó tẹríba fún Lao Nie.

"Bàbá àgbà, ẹ ṣeun o."

"Kí ni mo ṣe?"

"Tí orí mi bá ti gbóná, mo máa ń dúró sójú fèrèsé. Mi ò lè rí yín, ìsàlẹ̀ yín ni mo wà. Ṣùgbọ́n mò ń rí ohun tí ẹ ń sọ nínú ẹsẹ̀ wọn. Màá máa bá a mí, títí orí mi á fi tutù, màá tún padà sídìí ìwé."

Lao Nie ní òun ń wá awò òun. Awò wà lójú rẹ̀.


Ọjọ́ 10, Àjọ̀dún Ọkọ̀ Ojú Omi

Kí n rọra kọ ọ́ kí n má baà gbàgbé.

Láàárọ̀ a jẹ ìrẹsì ọlọ́ràá tí a fi ewé dì. Ní ìrọ̀lẹ́ mo gbé sípíkà jáde, mo ti nù ún dán. Gbogbo wọn pé, Dou kun ètè. Mo tẹ̀ ẹ́, orin bú jáde, ọkàn mi sì fò bí ẹyẹ. Mo gbójú sí bákónì kí n fi ṣẹ̀fẹ̀ pé kó máa di etí.

Àga wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni lórí ẹ̀.

Mo rò pé ó ti ṣubú. Mo já ijó sílẹ̀, mo sáré dé ẹnu ọ̀nà. Lao Geng na apá dí mi lọ́nà.

"Aya Nie, ẹ dúró."

"Kúrò níbẹ̀!"

"Ẹ dúró, mo ní. Ó ku ìgbésẹ̀ mẹ́jọ."

Mo wá gbọ́ ọ. Nínú òkùnkùn àtẹ̀gùn, ohùn ọkọ mi, ó ń kà á bí mo ṣe ń kà á fún ìlà kìíní: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin..." Ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, èjìká tó ń ha ògiri. "...àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ." Ó jáde. Àsíá méjèèjì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, ẹfun wà ní èjìká. Gbogbo àwọn atakáàdì dìde dúró fún un, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ti ń bá a ṣọ́ àtẹ̀gùn láràárọ̀ tí mo bá lọ ọjà, àwọn aláìnítìjú wọ̀nyẹn! Mo sì ti bú gbogbo wọn.

Kò wò mí. Ó gba àárín àwọn obìnrin lọ, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, sháà, tààrà sídìí sípíkà. Dou ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Ó dé síbẹ̀!" Ó tẹ̀ ba díẹ̀díẹ̀, ó di wáyà mú, ó sì já a.

Gbogbo àgbàlá pa lọ́lọ́.

Ó wá yí padà sí wa, ó gbé pupa sókè, ó gbé àwọ̀ ewé sókè. Àwọ̀ ewé ga ju etí rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ní ká jó. A jó. Mo ń sunkún, mo ń jó. Shu Hong ń sunkún, Màmá Xiong ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ wa sì ń dún lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹsẹ̀ èèyàn kan. Nígbà tó parí, ó na ìkúùkù síwájú, gbogbo wa dúró lójú kan.

Ó ní, "Ó tó. Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́ padà. Ṣùgbọ́n ẹ dín in kù, ẹ jọ̀ọ́, etí mi kì í ṣe irin."

Mo gbé tíì fún un. Mo ti ṣèlérí.


Ọjọ́ 12

Yue pè. Mo fún bàbá rẹ̀ ní fóònù, ó ní òun ò ráyè, àwọn èèyàn ń dúró de òun nísàlẹ̀. Yue ní, "Nísàlẹ̀ ibo?" Bàbá rẹ̀ ti wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń kà.

Lẹ́yìn ijó ó ní òun fẹ́ bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan. Pé fún gbogbo àsìkò tí òun fi wò wá láti òkè, nínú obìnrin mẹ́rìndínlógún, èmi olórí wọn nìkan ni kì í gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún dáadáa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún! Òun ló ń wí bẹ́ẹ̀! Mo ní tó bá mọ̀ ọ́n gbé, kó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó fi hàn mí.

Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.